Fíìmù Túndé Kèlání ní Kúbwà: èwo ni kó ṣáájú?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìmù Túndé Kèlání mẹ́rin la fẹ́ fi han àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbwà, ọ̀kan ní alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo Saworoidẹ (1999) á máa retí ìlù, òwe àti ọ̀rọ̀ ààfin nínú èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìyẹn àti Agogo Èèwọ̀ (2002). Dazzling Mirage (2014) wá láti inú ìwé ẹlòmíì, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló dá lé. Òṣùwọ̀n kan náà ò lè bá wọn mu.

Ṣé ká tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ léra ni? Lójú tèmi, Ayinla (2021) ló yẹ kó ṣáájú, torí orin àpàlà inú rẹ̀ á fa èrò, ká wá fi Saworoidẹ kádìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ètò yìí rí, báwo lẹ ṣe tò ó?