Àwa adúláwọ̀ akọ-fẹ́-akọ, abo-fẹ́-abo ní Amẹ́ríkà: kí ló gbé igbó dé ọwọ́ ẹ?

OmoIbadan_Chicago: Ẹ kú ilé o. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 ti lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra igbó níbí, torí náà kì í ṣe òfin ni mò ń bi yín. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń mu ún ni. Tèmi, oorun ni. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti sọ lórí fóònù pé òun ò bí irú mi, aago méjì òru ni ojú mi ń là.

T_Houston: Oorun.

Asake_BK: Nǹkan oṣù. Ó máa ń ká mi kò sílẹ̀ bálùwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sílé ìwòsàn, ṣé ọkọ mi fẹ́ bímọ ni wọ́n ń bi mí. Obìnrin tí mò ń fẹ́ jókòó tì mí, wọ́n ní ṣé àbúrò mi ni.

Jide_ATL: Pálọ̀ ọ̀rẹ́ kan ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn bíi tèmi. Ẹni tó na igbó sí mi fi ọwọ́ kejì di èjìká mi mú. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí gbẹ̀yìn. Títí dòní, bí mo bá dá nìkan mu ún, kì í ṣe mí ní nǹkan kan.

Asake_BK: Oṣù mẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n.

Kola_MD: Ẹ ṣọ́ra bí ẹ ò bá tíì gba ìwé ìgbélùú o. Òfin 2014 tí Nàìjíríà ṣe lòdì sí irú àwa yìí ló lé mi kúrò nílé: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi ìfẹ́ ẹ̀ hàn ní gbangba. Mo dé ibí, dókítà tó ń yẹ̀ mí wò fún green card ní ṣé mo ti mu igbó rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù méjìlá.

T_Houston: Irọ́ ni. Ṣebí Maryland ti gbà á ní 2023.

Kola_MD: Ìpínlẹ̀ ló gbà á. Ìjọba àpapọ̀ ò gbà á, àwọn ló sì ń fúnni níwèé.

T_Houston: Má bínú. Oṣù tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò tèmi.

Jide_ATL: Tètè rí lọ́yà. Má sì parọ́ fún wọn.

Anti_Oakland: Mo ti pé 58. Ojoojúmọ́ ni mo fi mu ún fún ọdún mọ́kànlá, títí tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná nìkan ló ń rọ̀ mí lára, àfi kí n jókòó sínú ẹ̀. Dókítà ní igbó náà ni. Ìgbà tí mo jáwọ́ ni ẹkún tí mi ò sun nígbà tí ìyá mi kú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Jide_ATL: Àǹtí, kì í ṣe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀ o.

Anti_Oakland: Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn. Èmi ló ṣe.

Asake_BK: Àǹtí, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ débi ìsìnkú?

Anti_Oakland: Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé fóònù sókè láàárín èrò kí n lè máa wò ó. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Mò ń rí i tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

OmoIbadan_Chicago: Àǹtí, aago méjì àbọ̀ òru ni mo ka èyí. Mi ò tíì tan nǹkan kan.