Ṣé pàṣípààrọ̀ ni ooru abẹ́ ilẹ̀ ń ṣe?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ mú wá fún páìpù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ láti fi mú ilé móoru ("ground heat exchanger" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ìyẹn "ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ ooru ilẹ̀", mo ti yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, mi ò lè gbà á, ẹ má bínú.

Kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Páìpù oníke lásán ni, ó wọnú ihò tó lè jìn tó mítà 100, ó ṣẹ́rí padà nísàlẹ̀, omi ń yí po nínú ẹ̀, ẹ̀rọ gan-an wà lókè nínú ilé. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó pàṣípààrọ̀ yẹn. Tí mo bá bá yín ṣe pàṣípààrọ̀, mo fún yín ní bàtà, ẹ fún mi ní fìlà, nǹkan dé ọwọ́ kálukú. Kí ni ilẹ̀ wá gbà nígbà tí páìpù gbé ooru ẹ̀ lọ? Ẹ ní òtútù ni. Mo mọ ibi tí ìdáhùn yẹn ti wá, èdè wa ló ń tì wá síbẹ̀: a máa ń ní òtútù mú wa, òtútù wọlé, òtútù wọ̀ mí léegun, bíi pé òtútù ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ooru nìkan ló ń rìn, fúnra ẹ̀ láti ibi tó gbóná lọ síbi tó tutù jù ú lọ, ibi tó bá sì ti kúrò la wá ń pè ní tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Ẹni tó ń ya àwòrán oníṣirò páìpù yìí ("model" lédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ; mo fẹ́ "àwòrán oníṣirò" ju "àwòṣe" lọ, torí àwòṣe jọ nǹkan téèyàn ń wò láti ṣe irú ẹ̀), tó bá fi pàṣípààrọ̀ sọ́kàn, á rò pé ilẹ̀ ti gba tiẹ̀, kò sí gbèsè. Gbèsè wà! Tí ilé bá ń fa ooru nígbà òtútù ju èyí tó ń dá padà nígbà ooru lọ, ilẹ̀ yíká ihò yẹn á máa tutù sí i lọ́dọọdún, ẹ̀rọ á wá máa jẹ iná sí i. Ìlànà ìṣirò àtijọ́ ti Kelvin, onímọ̀ físíìsì ayé ọjọ́un, ka páìpù sí okùn tín-ínrín tí kò lópin sókè sódò, ó dáa fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ihò lópin, tó bá di ọ̀pọ̀ ọdún ojú ilẹ̀ àti ìdí ihò ti dá sí i, iṣẹ́ tí olùṣèwádìí kan, Eskilson, ṣe ní Sweden ní 1987 ló wá ṣírò ìyẹn, àti bí àwọn ihò tó sún mọ́ra ṣe ń jẹ nínú ooru ara wọn.

Àbúrò tó dábàá "agbooru-ilẹ̀" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù nìkan nìyẹn bá mu. Ohun tí mo fara mọ́ ni "páìpù atàtaré-ooru". Èèyàn lè tàtaré nǹkan lọ, ó lè tàtaré ẹ̀ bọ̀.

"Pọ́ǹpù ooru" ní tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó wà lókè nínú ilé, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Bí pọ́ǹpù ṣe ń gbé omi gòkè náà ló ń gbé ooru kúrò níbi tútù lọ síbi gbígbóná, bíi ti fíríìjì, ìwọ̀n iná kan tó bá jẹ lè mú ooru ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì pe ihò yẹn ní kànga mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fa omi níbẹ̀, omi tó wọlé náà ló ń jáde.