Ìwé kíkà àti àṣàrò lópin ọ̀sẹ̀: báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í já sí oorun?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wákàtí 2 ni mo yà sọ́tọ̀ ní Sátidé fún Ìwé Mímọ́ àti àṣàrò. Àmọ́ aṣọ fífọ̀ á dé, àlejò á dé, orí kẹta ni oorun sì ti máa ń gbé mi lọ. Kí ni kí n yí padà?

Èsì 1
Wákàtí 2 yẹn ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú 40, kí ẹ sì gbé e ṣíwájú iṣẹ́ ilé. Iṣẹ́ ilé kì í tán. Ohun tí ẹ bá fi sẹ́yìn rẹ̀, àṣẹ́kù agbára lẹ ó fi ṣe é.

Orí mẹ́ta náà ti pọ̀ jù. Ẹ wo Sáàmù 119: ẹsẹ 176 ni, àmọ́ ìsọ̀rí 22 ló pín sí, ẹsẹ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìsọ̀rí kan tó Sátidé kan. Ẹ kà á jẹ́jẹ́ kí ẹ fi mọ ohun tó ń sọ. Ẹ tún un kà sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Tó bá di ìgbà kẹta, ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti mú yín lọ́kàn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rò ó, ẹ fi gbàdúrà, kí ẹ wá kọ gbólóhùn kan péré sílẹ̀. Bó bá ti di odindi ojú ìwé, ìwàásù lẹ ń kọ yẹn.

Kíkà sókè yẹn ṣe pàtàkì o. Nínú Sáàmù 1:2, níbi tí Bíbélì wa ti ní "ṣe àṣàrò", ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, hagah, jẹ mọ́ kíkùn lábẹ́nu, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oorun kì í sì tètè gbé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Èsì 2
Fóònù! Pípa ohùn rẹ̀ nìkan kò tó, torí ojú rẹ̀ á ṣì máa tàn. Ẹ gbé e sí yàrá mìíràn, kí ẹ lo aago lásán. Bó bá jẹ́ orí fóònù nìkan ni ìwé náà wà, ẹ pa dátà kí ẹ tó ṣí i.

Orí àga ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sì sọ àkókò náà fún ará ilé láti alẹ́ Ẹtì.

Èsì 3
Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí náà. Ẹ̀yìn ìrun Súbúhì ló dáa jù, kí oúnjẹ tó wọ inú. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú Súrátù Mulk nínú Kùránì: áyà (ìyẹn ẹsẹ) 30, mẹ́wàá-mẹ́wàá fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó ka áyà kan ní Lárúbáwá, kó ka ìtumọ̀ rẹ̀, kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Àwọn tó ń ka Lárúbáwá tán pátá kí wọ́n tó ṣí ìtumọ̀, áyà àkọ́kọ́ á ti kúrò lọ́kàn wọn.

Áyà 3 àti 4 ní ká gbójú sókè wo sánmọ̀, ká tún un wò, bóyá a ó rí àléébù kankan. Ẹ dìde lọ sídìí fèrèsé, kí ẹ wò ó lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá wá dé áyà 19, tó sọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń na ìyẹ́ tó sì ń pa á mọ́ lójú òfuurufú, fèrèsé yẹn náà ni kẹ́ ẹ padà sí.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí ìrònú iṣẹ́ àti ìnáwó bá wá ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn ńkọ́?

Èsì 1
Á wọlé, ẹ má bá a jà. Ẹ fi bébà pélébé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "ọṣẹ", "owó ilé". Ẹ dojú bébà náà dé, kí ẹ tún ẹsẹ yẹn kà sókè. Tí aago bá dún, ẹ dìde, kódà bó bá ṣì ń dùn mọ́ yín. Ẹ fi nǹkan sí ojú ìwé náà, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.