Bàbá mi ń bọ̀ wá sí Glasgow, ibo ni kí n mú wọn lọ?

Ìyá Tòbí: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ti ń dà wọ́n láàmú báyìí. Ọdún kẹrin mi rèé nílùú yìí àmọ́ ibi iṣẹ́, ilé àti Buchanan Street tí wọ́n ti ń rajà nìkan ni mo mọ̀, ojú ń tì mí. Bàbá ti sọ lórí fóònù pé àwọn ò wá wo ṣọ́ọ̀bù o, àwọn fẹ́ rí ibi tí òyìnbó ti ń kan ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọn ò ti ní gba owó gọbọi.

Àkànní Partick: Riverside Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó oríṣiríṣi ọkọ̀ sí, kò sí méjì ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ́ńjìnì rélùwéè gìrìwò kan wà níbẹ̀, Glasgow níbí ni wọ́n ti ṣe é ní 1945, South Africa ló ti lọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e padà wálé, bàbá á kàn máa yí i po ni. Ọkọ̀ ojú omi Glenlee ti 1896 náà wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí odò Clyde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ mú wọn lọ Necropolis mà, ẹ ó rí gbogbo ìlú látòkè.

Ìyá Tòbí: Ṣé itẹ́ òkú kọ́ nìyẹn? Bàbá tó lé láàádọ́rin ọdún ni kí n ní ká jọ lọ wo sàréè 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Haa, ẹ má bínú mà 🙈

Bọ̀dá Wálé: Ẹ mọ ìtàn ìlú yìí díẹ̀ o, kí bàbá má baà bi yín kí ẹ máa wòkè. Clyde yẹn ò jìn tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ńlá ò lè dé àárín ìlú, wọ́n gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé Clyde ló ṣe Glasgow, Glasgow ló sì ṣe Clyde. Àmọ́ kí ọkọ̀ kíkàn tó dé, owó tábà àti ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, àwọn ẹrú dúdú ní Virginia àti Jamaica ló sì ń ṣe làálàá ẹ̀. Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà yẹn, Gallery of Modern Art, ilé oníṣòwò tábà kan, William Cunninghame, ni, 1778 ni wọ́n kọ́ ọ. Jamaica Street tí ẹ ń gbà kọjá ńkọ́? 2022 ni káńsù ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú yẹn.

Àkànní Partick: Bọ̀dá, ṣé ìgbádùn bàbá lẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹrú bà jẹ́ ni?

Bọ̀dá Wálé: Àbúrò, ohun tí bàbá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ti ìdùnnú, ẹ gba Nelson Mandela Place, 1986 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n, ọ́fíìsì ìjọba South Africa sì wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ń rí orúkọ ẹ̀ nínú àdírẹ́sì ara wọn. Ẹ̀rín pa mí.

Ìyá Tòbí: Ẹ ṣé gan-an sà. Subway, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yẹn ńkọ́, àtẹ̀gùn ẹ̀ kò pọ̀ jù?

Àkànní Partick: Ó pọ̀ o, ibùdó St Enoch àti Govan nìkan ló ní lífíìtì. Ẹ wọ̀ ọ́ ní St Enoch, 1896 ló ti ń ṣiṣẹ́, bàbá á gbádùn ẹ̀. Ẹ sọ̀ ní Govan, ẹ rọra gba afárá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2024, ó já sí Riverside gan-an. Kóòtù òjò ni kí ẹ mú dání o, afẹ́fẹ́ odò yẹn á sọ agbòòrùn di ìdàkudà.