Báwo ni mo ṣe lè mú kí àbúrò mi gbà láti gba ìtọ́jú?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní Ìkẹjà nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn kógbá sílé. Láti ìgbà náà, kò rí oorun sùn dáadáa, oúnjẹ ò wù ú, kì í gbé ìpè ọ̀rẹ́ mọ́, ẹkún ò sì jìnnà sí i. Ọmọ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ni o!

A ṣàyẹ̀wò ibà àti táífọ́ọ̀dù, kò sí ìkankan. Màmá gbààwẹ̀, wọ́n ṣì ń gbàdúrà. Ẹnìkan ní ká ra oògùn oorun ní kẹ́mísì, mo kọ̀ jálẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló pè é ní adjustment disorder: ìdààmú ọkàn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó le, tó sì sábà máa ń lọ láàárín oṣù 6 tí wàhálà náà bá ti kúrò nílẹ̀. Ó ní kí ó jókòó bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe oògùn. Mo bi àbúrò mi bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ó ní rárá, àmọ́ mò ń ṣọ́ ọ.

Wọ́n júwe Arò ní Abẹ́òkúta fún wa, ó yarí. Ó ní wọ́n á sọ pé òun ti ya wèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá èèyàn yín la irú èyí kọjá, kí lẹ sọ fún un tó fi gbà láti lọ? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín ṣáájú.