Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa kọ sílẹ̀ nípa ìlera ará ilé wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá mi. Lọ́dún tó kọjá ó tún mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì gbé nǹkan. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wọ̀n rí ni.

Mo kà nípa ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Láti 1948 ni àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀ lé ìlera ènìyàn 5,209 níbẹ̀, tí wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún méjì-méjì. Ní 1971 wọ́n fi àwọn ọmọ wọn kún un. Ibẹ̀ ló ti hàn kedere pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ń lànà fún àrùn ọkàn, ọdún púpọ̀ kó tó yọjú. Ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, irú ìwádìí yìí bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Tanvè ní 2015.

Mo fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kékeré nínú agbo ilé wa, àgbà mọ́kànlá. Mo ti ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ló yẹ kí n wọ̀n wọ́n? Iyọ̀ ló ń dà mí láàmú jù: inú àwo kan náà la ti ń jẹun, Mágì sì wà nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀yin ará Tanvè, kí ni wọ́n máa ń bi yín?

Ìyá mi kọ̀, ó ní ẹni tó bá ń wá àrùn ló ń pè é. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀ wọ́n?