Wàláà ni, kì í ṣe eku

Ẹ̀gbọ́n mi tó dábàá pé ká máa pe pátákó pẹlẹbẹ tí a ń fi kálàmù darí kọ̀ǹpútà ní "eku onígègé", mo kí yín o. Ó dùn létí, àmọ́ mi ò lè bá yín gbè é. Àkọ́kọ́ ná, àwọn èèyàn wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ẹ yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, ó di eku onígẹ̀gẹ̀.

Ìrù ló sì sọ eku kọ̀ǹpútà ("mouse") di eku. Wáyà tó ń wọ́ tẹ̀ lé èyí tí onímọ̀ ẹ̀rọ Douglas Engelbart àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kálàmù tèmi ò ní wáyà, kò tiẹ̀ ní bátìrì. Pátákó ló ń fún un lágbára.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Bí ẹ bá gbé eku sókè, tí ẹ gbé e kalẹ̀ níbòmíràn lórí tábìlì, ọfà ojú kọ̀ǹpútà ò ní kúrò níbi tó wà. Ti kálàmù yàtọ̀. Igun òkè pátákó lápá ọ̀tún ni igun òkè ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún. Bí mo bá fẹ́ ti fèrèsé kan, ibẹ̀ gan-an ni mo ń gbé ṣóńṣó kálàmù lé. Nígbà tí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn mí lé mi kúrò nídìí eku, mo kọ́kọ́ ń fa kálàmù bí ẹni ń fa eku, gbogbo rẹ̀ sì dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ má fi orúkọ ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

Wàláà ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá dé ilé kéwú rí mọ wàláà, ó mọ kálàmù tirẹ̀. (Tábílẹ́ẹ̀tì? Oògùn ni ìyá mi rò pé mo rà.) Òótọ́ ni pé orí wàláà kéwú la ti ń ka ohun tí a kọ sí i, tèmi ò sì fi nǹkan kan hàn lójú ara rẹ̀. Mo gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. "Tẹ̀" bá eku mu, torí ìka ló ń tẹ bọ́tìnnì. Fún kálàmù, "kàn án" tó mi. Àmọ́ bí ṣóńṣó rẹ̀ bá wà lókè díẹ̀, tí kò kan wàláà rárá, ọfà ṣì ń tẹ̀ lé e. Ṣé ká ní ó ń rà bàbà bí àṣá, àbí ẹ ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?